Irọ́ Tí Mo Pa Nípa Sọ́fíìsì

Náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ́pò pọ́n-ùn nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tísà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, mo máa ń kọ́ àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nínú yàrá kan lẹ́yìn mọ́sáláásí. Púpọ̀ nínú wọn ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, síbẹ̀ wọ́n á dìde kí mi. Orí mi wú, mo wá rò pé tísà kì í ṣàìmọ nǹkan. Àárò wọn ṣì ń sọ mí títí dòní tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Lọ́jọ́ kan, mò ń kọ́ wọn ní sọ́fíìsì, tí Gẹ̀ẹ́sì ń kọ ní "suffix", ìyẹn lẹ́tà tí a ń so mọ́ ìparí ọ̀rọ̀, bíi "er" tó sọ "teach" di "teacher". Àlàájà Sidikátù, tó ń ta àdìrẹ ní Jankara, nawọ́. Ó ní kí ni ìtumọ̀ orúkọ náà gan-an, níbo ló sì ti wá. N kò mọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, mo bá dáhùn wéré pé orúkọ òyìnbó tó kọ́kọ́ ronú kàn án ni, Mísítà Sọ́fíìsì. Gbogbo wọn kọ ọ́ sínú ìwé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àlàájà kò wá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo lọ bá a ní Jankara. Aṣọ ló ń ká, kò wojú mi. Ó ní òun gbé àdìrẹ lọ fún akọ̀wé lọ́yà kan ní Igbosere, òun sì ròyìn Mísítà Sọ́fíìsì kí wọ́n lè mọ̀ pé òun náà ń kàwé. Gbogbo ọ́fíìsì fi òun rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà ló wá là á yé òun pé Látìn ni: "sub" ni abẹ́, "figere" ni kí a kan nǹkan mọ́ nǹkan. Ohun tí a kàn mọ́ abẹ́ ni sọ́fíìsì.

Ojú tì mí gan-an. Mo dọ̀bálẹ̀ láàárín ọjà, mo ní, "Ẹ forí jì mí, Àlàájà. N kò mọ̀ ọ́n ni."

"Ṣebí ẹ̀yin náà ké kéú," ó ní. "Bí àáfà ò bá mọ nǹkan, kí ló máa ń wí?"

"Ọlọ́run ló mọ̀ jù."

"Kí ló wá dé tó fi wúwo lẹ́nu tiyín?"

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo jẹ́wọ́ fún kíláàsì, mo sì sọ ìtumọ̀ tòótọ́ àti ẹni tó mú un wá. Kò sẹ́ni tó bú mi. Télọ̀ kan kàn ní kí n ní sùúrù kí òun fa igi lé Mísítà Sọ́fíìsì nínú ìwé òun.

Ẹ̀yìn pátápátá ni Àlàájà jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ó nawọ́. Ó ní kí ló wá sọ "sub" di "suf".

Mo mí kanlẹ̀. "N kò mọ̀, Àlàájà. Màá lọ béèrè."

Ó dìde, ó kó ìwé rẹ̀, ó wá jókòó sí iwájú.