Ibi Tí Òwú Yèyé Mi Parí Sí

Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà náà, èèpo ìwé wa ṣì ń gbé orúkọ Oǹdó, àwa tí à ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ìṣirò n'Íkẹ̀rẹ́ sì ń ṣe fáàrí kiri. Èmi ni ẹnu mi gùn jù. Nọ́ńbà tí òyìnbó ń pè ní iráṣọ́nà, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ fún kíláàsì: nọ́ńbà aláìlópin. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn pọ́ìntì rẹ̀ kì í tán, bí àánú Olúwa. Gbogbo wọn gba orúkọ náà, orí mi sì wú.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, olùkọ́ wa obìnrin ya onígun mẹ́rin tó dọ́gba sójú pátákó, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan. Wọ́n ní kí n fa ìlà láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́ lọ́ọ̀ọ́kán, kí n sọ bó ṣe gùn tó.

"Rúùtù méjì, mà, nọ́ńbà tí a bá fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó ń di méjì. Ṣùgbọ́n ìlà náà ò lè parí, torí aláìlópin ni."

Gbogbo kíláàsì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ wo ìlà tí mo ti fà tán, wọ́n wò mí.

"Bí o ò bá sọ ibi tó parí sí fún mi lọ́jọ́ Ajé, mi ò ní buwọ́ lu fọ́ọ̀mù ìdánrawò ìkọ́ni rẹ. O ò ní lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyẹn ni pé màá tún ọdún náà ṣe. Mo fajú ro wọ mọ́tò lọ bá Yèyé mi nílé wa n'Ògòtún.

Yèyé mi ń hun ẹní fún ẹnìkan tó ti Èkó dé, tó fẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba. Kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹní ò wọ́, wọ́n na òwú láti igun dé igun, wọ́n gé e, wọ́n tún fi wọn igun méjì tó kù. Ó bára mu. Mo gba òwú náà, mo fi ẹ̀gbẹ́ ẹní wọ̀n ọ́n: ó gba ẹ̀ẹ̀kan, ó ṣẹ́ kù. Mo fi èyí tó ṣẹ́ kù wọn ẹ̀gbẹ́, ó tún ṣẹ́ kù.

"Yèyé, òwú yìí ò fẹ́ parí!"

"Éè ṣe ẹjọ́ òwú. Òwú ti parí, èmi ni mo gé e. Ùwọ̀n rẹ ni éè bá a mu."

Àfi bí ẹni pé wọ́n ṣí mi lójú. Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ́ òwú náà sórí tábìlì olùkọ́, mo fìka tọ́ ibi tí Yèyé ti gé e.

"Ibí ló parí sí, mà. Kíkọ tí à ń kọ nọ́ńbà rẹ̀ ni ò lè parí."

Wọ́n buwọ́ lu fọ́ọ̀mù náà kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán. Ayọ̀ mi ò ṣe é fẹnu sọ.

Nígbà tí mo délé, mo ròyìn fún Yèyé.

"Ọdún mélòó lẹ fi kọ́ uyẹn?"

"Ọdún mẹ́ta, Yèyé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹní fi bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ọdún mẹ́ta! Ẹní yìí, ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń hun ún."