Àwọn Oníbàárà Fẹ́yìsayọ̀ Tí Kì í Fèsì

Ẹnu Fẹ́yìsayọ̀ kì í dákẹ́ ní ìsọ̀ iṣu rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Bó bá rí ọ tó o ń kọjá, yóò béèrè ará ilé, yóò fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀, kí o sì tó mọ̀, iṣu ti wà lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà tó bá gbé fóònù nìkan ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí Wasáàpù fún àwọn ọmọ Àkókó tó wà ní Àkúrẹ́, Èkó àti Àbújá, kí wọ́n lè máa ra iṣu ilé. Láràárọ̀ ló ń kọ ohun kan náà síbẹ̀: "Iṣu dáadáa wà o, ẹ wá rà." Wọ́n ń rí i, wọn kì í kàn sọ nǹkan kan ni.

Oko Bàbá Fágbénró, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Ọ̀kà, ni iṣu náà ti ń wá. Bàbá ò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ fóònù rárá. "Fẹ́yì, àwọn tí ò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ṣé wọ́n tiẹ̀ lẹ́nu?" Ó ní bí iṣu tọdún yìí náà ò bá tà, onílọ́rì lòun máa kó gbogbo iṣu òun fún. Ọ̀rọ̀ náà ká Fẹ́yìsayọ̀ lára, nítorí bí iṣu Bàbá bá lọ, ìsọ̀ rẹ̀ náà lọ nìyẹn.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Ó jó nínú fídíò, ìyá kan ní Àkúrẹ́ ní kó rọra, kó má fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣeré. Ìyẹn nìkan ló fèsì. Lọ́jọ́ kan tó lọ sí Ọ̀kà, ó rí iṣu tuntun ńlá kan tí Bàbá ti wa sílẹ̀ de ọdún iṣu, erùpẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹ́?"

Háà, Fẹ́yìsayọ̀! Ní agboolé wọn, olórí ilé ní í kọ́kọ́ tọ́ iṣu tuntun wò lọ́jọ́ ọdún, kí ẹnikẹ́ni tó gbé e síta, ọdún ò sì tíì dé. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé èèwọ̀ ni láti jẹ ẹ́. Kò kàn ro fọ́tò mọ́ jíjẹ ni.

Kó tó padà dé Ìkàrẹ́, ẹgbẹ́ ti gbóná. Akíndèjì, ọmọ Ọ̀kà tó ń gbé Àbújá, ń bínú pé ta ló gbé iṣu síta. Mọ́júbọ́lá láti Àjọwá ní àwọn ti jẹ tiwọn tán, ará Ọ̀kà ló ń febi pa ara wọn. Ọkùnrin kan láti Ògbàgì ń ròyìn bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń gé e. Àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rí ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

Inú Fẹ́yìsayọ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó pa fọ́tò náà rẹ́, ó padà sí Ọ̀kà, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ̀ pé fífi hàn náà wà nínú èèwọ̀ ọ̀hún."

Bàbá ní: "O ṣe é o. Kí ni wọ́n wá wí?"

Ó jẹ́ kí Bàbá gbọ́ ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bàbá rẹ́rìn-ín sí ti Mọ́júbọ́lá. Nígbà tó kan ti ará Ògbàgì, ó dìde. "Irọ́ ni! Bí wọ́n ṣe ń gé e kọ́ nìyẹn. Ibo ni mo máa sọ̀rọ̀ sí?"

Ohun tí Fẹ́yìsayọ̀ ń wá kiri nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, kò kọ "ẹ wá rà" mọ́. Ìbéèrè ló ń kọ: nílé tiyín, iṣu wo lẹ fi ń gúnyán àlejò? Ta ló ń jẹ orí iṣu? Bàbá ló ń dá wọn lóhùn, bí wọ́n bá sì ti jiyàn tán, wọ́n á ní kí Fẹ́yìsayọ̀ fi iṣu Bàbá ránṣẹ́ sáwọn.

Lẹ́yìn ọdún iṣu, onílọ́rì dé. Bàbá jókòó níwájú ilé, fóònù wà lẹ́nu rẹ̀, ó kàn juwọ́ sí i.

"Wọ́n ti rà á tán," ó ní. "Rọra pariwo, jọ̀ọ́. Mò ń bá àwọn èèyàn mi sọ̀rọ̀."