Nígbà Tí Ohùn Alága Há

Iṣẹ́ wolé-wolé ni bàbá mi ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọmọ Ọ̀kà ni wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé e wá sí Ìkàrẹ́, ibẹ̀ ló sì kọ́lé sí, ní àdúgbò kan tó fẹ̀yìn ti òkè àpáta. Láyé ìgbà tó ṣì ń wọ aṣọ kákí, bí ó bá ti yọ lókèèrè, àwọn obìnrin á máa sáré gbé ìkòkò omi wọ yàrá nítorí tanwíjí. Ó gbà pé ìbọ̀wọ̀ nìyẹn. Ìyá mi mọ̀ pé ìbẹ̀rù ni, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ létí rẹ̀.

Ìgbà tó fẹ̀yìn tì tán ni àwọn onílé àdúgbò wa fi í ṣe alága. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ó ṣiṣẹ́. Omi kò sí ní àdúgbò wa nígbà náà, odò ìsàlẹ̀ òkè la ti ń pọn ọ́n. Bàbá mi lọ sí káńsù, ó padà lọ, ó tún padà lọ, ó ń jókòó tì wọ́n ní ọ́fíìsì títí ojú rẹ̀ fi sú wọn, wọ́n sì wá gbẹ́ pọ́ǹpù fún wa, irú èyí tí a ń fọwọ́ fà. Ọjọ́ tí omi kọ́kọ́ jáde, àwọn èèyàn gbé e sókè, inú rẹ̀ sì dùn débi pé kò rántí pé fìlà rẹ̀ ti já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló wá ra ṣéènì àti àgádágodo. Ó ní pọ́ǹpù tí kò bá lófin kì í pẹ́ bàjẹ́. Òfin náà ni pé bí oòrùn bá ti yọ dáadáa ni òun yóò ṣí i, bí àwọn ọmọ iléèwé bá sì ti jáde ní ọ̀sán ni òun yóò tì í. Ọrùn rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà, bó bá ń wẹ̀, ó wà níbẹ̀.

Ojúde ilé wa ni ìpàdé ti máa ń wáyé. Àwọn onílé nìkan ló ń jókòó, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Àwọn obìnrin àti ayálégbé, tí wọ́n ń fa pọ́ǹpù gan-an, á dúró sẹ́yìn ògiri máa gbọ́. Bàbá mi á sọ̀rọ̀ títí, á sì béèrè pé, ṣé a gbà? Gbogbo wọn á ní àwọn gbà. Wọ́n á dé ìdí pọ́ǹpù lọ́jọ́ kejì, wọ́n á máa kùn. Bàbá mi kò gbọ́ ìkùnsínú kankan rí. Ó máa ń wọlé wá sọ fún wa pé àdúgbò wa wà ní ìṣọ̀kan ju gbogbo àdúgbò Ìkàrẹ́ lọ.

Ní ọyẹ́ ọdún kan, òtútù mú un, ikọ́ sì dè é mọ́lẹ̀. Èèyàn mìíràn ì bá sinmi. Òun bọ́ sínú eruku, ó ń bá àwọn tó da ilẹ̀ sí gọ́tà wí láti òkè àdúgbò dé ìsàlẹ̀. Kó tó délé, ohùn rẹ̀ ti há. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, kò sí ohùn rárá mọ́.

Iléèwé kan ní Ìkàrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà náà, mi ò tíì lọ sílé ọkọ, èmi ni mo sì mú un lọ sí ọsibítù. Dókítà wo ọ̀fun rẹ̀, ó ní kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ títí òun yóò fi ní kó sọ ọ́, kódà kò gbọdọ̀ sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohùn náà lè má padà. Bàbá mi yanu láti bá a jiyàn. Dókítà, tí kò ju ọmọ rẹ̀ lọ, fi ìka lé ètè bí a ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Mo yára gbójú sókè wo àjà, kí ẹ̀rín má bàa pa mí.

Bí a ṣe délé ni ìyá mi di ògbufọ̀. Bàbá mi á nawọ́ sí ìkòkò ọbẹ̀, ìyá mi á ní, “Bàbá yín ní kí ẹ lọ gbálẹ̀.” Òun á gbọnrí, ìyá mi á ní ó ní kí á gbá ẹ̀yìnkùlé mọ́ ọn. Bí ó bá kọ ọ́ sórí bébà, ìyá mi á ní òun ò mọ ibi tí òun fi jígí òun sí.

Nígbà tí ọjọ́ ìpàdé pé, ó yẹ kí igbákejì rẹ̀ jókòó dípò rẹ̀. Bàbá mi kò gbà. Ó mọ̀ pé ọjọ́ pẹ́ tí ojú igbákejì náà ti wà lára àga yẹn. Ó fa ìyá mi lọ́wọ́, ó mú un jókòó tì í, pé kó máa gbẹnu sọ fún òun. Bó ṣe di pé obìnrin jókòó ní ìpàdé wa nìyẹn.

Bàbá mi gbọ́wọ́ sókè, ojúde dákẹ́. Ó nawọ́ sí pọ́ǹpù, ó ṣe bí ẹni ń fọṣọ, ó sì mi ìka. Gbogbo wa mọ̀ pé àwọn tó ń fọṣọ ní ìdí pọ́ǹpù ló ń bá wí. Ìyá mi dìde, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Alága kí yín,” ló wí. “Wọ́n ní àwọn ti sọ̀rọ̀ títí ohùn fi tán, pé etí nìkan làwọn mú wá lónìí. Kí olúkúlùkù sọ bí omi yìí ṣe rí fún un, onílé àti ayálégbé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ògiri yẹn.”

Bàbá mi yíjú sí i bí ẹni rí tanwíjí nínú àmù. Ó fọwọ́ gbá tábìlì. Ìyá mi ní, “Wọ́n ní kí ẹ yára.”

Nígbà tó yá, alùfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ládùúgbò wa dìde. Ó ní kí alága má bínú, pé láti ìgbà tí pọ́ǹpù ti dé, omi àná ni ilé òun fi ń ṣe àlùwàlá àsùbáà. Bí àwọn ọmọ bá ti lò ó tán, odò ìsàlẹ̀ náà ni wọ́n ń lọ nínú òkùnkùn. Bàbá mi yawọ́ sí i, pé kí ló dé tí kò wí i tẹ́lẹ̀. Ìyá mi túmọ̀ ìyẹn bó ṣe rí.

Alùfáà rọra dáhùn. “Alága, ẹ máa ń bi wá pé ṣé a gbà. Ẹ ò bi wá rí pé ṣé ó rọ̀ wá lọ́rùn.”

Lẹ́yìn rẹ̀ ni màmá kan láti Àjọwá sọ̀rọ̀. Ayálégbé ni, oko ló ń lọ lójoojúmọ́. Yorùbá kì í ṣe èdè tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, àwọn èèyàn a sì máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó fi èdè ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó wá ń ṣa Yorùbá jọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tán tí òun fi ń lọ sóko, ìgbà tí òun bá sì padà, wọ́n ti ti pọ́ǹpù. Yàrá òun ló sún mọ́ ọn jù, ariwo rẹ̀ ló ń jí òun lójú oorun lọ́jọ́ tí òun ò bá lọ sóko, síbẹ̀ òun ń tọrọ omi mu. Bó ṣe ń wí i, igbákejì alága bú sẹ́rìn-ín sí bó ṣe pe ọ̀rọ̀ kan.

Bàbá mi gbá tábìlì náà débi pé ife omi rẹ̀ ṣubú. Ó tẹjú mọ́ ọkùnrin náà títí tó fi wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rọra ṣẹ́wọ́ sí màmá náà pé kó máa wí. Ìyá mi kò túmọ̀ èyí, gbogbo wa ló gbọ́ ọ.

Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti pín ṣíṣí pọ́ǹpù. Alùfáà ni yóò máa ṣí i fún ti àárọ̀ kùtù, màmá Àjọwá àti obìnrin aránṣọ kan ni yóò máa ṣí i ní ìrọ̀lẹ́ fún àwọn tó ti oko dé. Wọ́n fi ọ̀sán gangan sílẹ̀ fún alága, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń pọnmi.

Nígbà tí a wọlé, kò wo ojú ìyá mi títí ó fi jẹ iyán rẹ̀ tán. Ìyá mi kó àwo, ó ní, “Bàbá wọn, ṣé kí n lọ sọ fún wọn pé mo purọ́ mọ́ yín?” Ó rò ó pẹ́, ó sì mi orí pé rárá.

Ohùn rẹ̀ padà kí ọyẹ́ tó lọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ fi ohùn náà sọ fún àlejò ni pé, nígbà tí òun ní kí gbogbo àdúgbò wá sọ tẹnu wọn, àwọn kan rò pé kò ní ṣeé ṣe. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò gbójú sókè.

Mo bi bàbá mi léèrè lọ́jọ́ kan, nígbà tí àwa méjèèjì nìkan jókòó, pé kí ni agbára tí àwọn èèyàn ń dù yìí gan-an. Mo rò pé yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ó ní nígbà tí òun ń ṣe wolé-wolé, bí wọ́n ṣe ń sá fún òun yẹn ni òun ń pè ní agbára. “Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sá fún ọ,” ló wí, “kò lè dúró sọ fún ọ pé ṣòkòtò rẹ ti ya lẹ́yìn.”

Nígbà tó darúgbó, ó padà sí Ọ̀kà láti ṣe olórí ẹbí. Òrùlé ilé ẹbí ti ń jò, wọ́n sì pe ìpàdé lórí rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní kò sí ohun tí ìyàwó ilé fẹ́ sọ níbẹ̀. Bàbá mi ní àwọn ìyàwó ilé ni òjò ń pa, kí wọ́n pè wọ́n wá. Wọ́n wá, wọ́n sọ̀rọ̀ títí oorun fi gbé e lọ lórí ìjókòó. Nígbà tó jí, wọ́n ti fẹnu kò: ilé ìdáná ni wọ́n máa kọ́kọ́ kàn, ìgbà tí agbára bá tún gbé e ni wọ́n máa kan pálọ̀. Pálọ̀ ni òun fẹ́. Ó fajú ro fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n kò yí i padà.

Ilé ìdáná ni wọ́n kàn. Òjò ọdún náà bá a ní pálọ̀, ó gbé bàsíà sábẹ́ ibi tó ń jò, ó sì gbé àga rẹ̀ lọ jókòó ti àwọn obìnrin nídìí ààrò.