Páànù Orí Ilé Àgátà

Ẹni tó bá sọ fún yín pé obìnrin kì í kọ́lé, ẹ ní kó wá sí Kàbà kó wá wo ilé Àgátà. Kì í ṣe ilé ńlá. Yàrá méjì ni, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tó ri òfì rẹ̀ mọ́. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀, àmọ́ páànù ló wà lórí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ń fẹnu ṣakọ láàárín ìlú ṣì ń fi koríko bo ilé tiwọn. Aṣọ híhun ló fi kọ́ ọ. Ẹ̀yìn ro ó, ojú dùn ún, kò dá ẹnikẹ́ni lágara.

Ohun tó sún un kọ́lé ń bí mi nínú títí dòní. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú, àwọn ẹbí ọkọ pè é jókòó, wọ́n ní kó yan ọ̀kan nínú àwọn àbúrò ọkọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó kó ẹrù rẹ̀. Obìnrin tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rẹ́ ògiri ilé yẹn! Àgátà kó ẹrù rẹ̀. Ó lọ sórí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fún un kó tó kú, ó sì búra pé ẹnikẹ́ni kò tún ní lé òun jáde nínú ilé láyé òun.

Nígbà tó yá, Bámigbóyè wá ń fẹ́ ẹ. Àgbẹ̀ oníkọfí ni, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọkùnrin kan sílẹ̀ fún un. Àgátà kò fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀.

“Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi, mo gbà fún yín. Màá máa sùn nílé yín, màá máa se oúnjẹ yín. Àmọ́ ilé mi, ilé mi ni. Ibẹ̀ ni màá ti máa hun aṣọ mi.”

Bámigbóyè rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí wàhálà. Fáda so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹnu tó ní kò sí wàhálà yìí kan náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn láìpẹ́. Ó ní obìnrin tó bá nílé, ẹsẹ̀ kan ló fi wà nílé ọkọ. Ó ní àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Èyí tó wá ká a lára jù ni pé bí òjò bá dé, ilé tirẹ̀ á máa jò, tìyàwó rẹ̀ kò ní jò. Ẹ gbà mí o, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?

Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, Àgátà di aṣọ lọ tà ní Ìsánlú, ó sì sùn lọ́hùn-ún. Bó ṣe ń wọ̀lú padà, Theresa aládùúgbò rẹ̀ pàdé rẹ̀ lọ́nà.

“Okun o!” ló fi kí i. “Ẹ kú oríire! Ọkọ yín ti kan páànù!”

Inú Àgátà dùn. Ó ní ọkùnrin yìí ti gbọ́n níkẹyìn. Àfi ìgbà tó dé iwájú ilé ọkọ rẹ̀ tó gbójú sókè. Páànù náà kì í ṣe tuntun. Ojú ìṣó àtijọ́ kún ara rẹ̀, ọ̀kan sì ní ọ̀dà dúdú tí òun fúnra rẹ̀ ní kí káfíńtà fi dí ihò. Ó sáré lọ sílé tirẹ̀.

Igi òrùlé lásán ló ń wo ojú ọ̀run. Òjò ti pa aṣọ tó wà lórí òfì, pupa rẹ̀ ti ṣàn wọ inú funfun, ó ti bà jẹ́ pátápátá. Gbádéyan, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ obì.

“Ta ló ní kí wọ́n ṣí i?”

“Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá Ọlọ́runfẹ́mi bi mí, mo ní kí wọ́n máa kó o. Ẹ ti lọ́kọ, kí lẹ tún ń fi ilé ṣe?”

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. “Gbádéyan! Ìwọ! Ọmú tí mo mu nìwọ náà mu! Nígbà tí wọ́n lé mi nílé ọkọ, ṣé o fún mi ní ẹní tí màá sùn lé?”

Kí ni Gbádéyan fẹ́ sọ? Àgátà kò dúró gbọ́. Inú bí i débi pé omijé kọ̀, kò jáde. Ó yá àkàbà àti òòlù nílé káfíńtà, ó gbé wọn gba àárín ìlú kọjá.

Bámigbóyè àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń mu ọtí ọkà níwájú ilé, wọ́n ń wo òrùlé. “Ìyàwó mi, káàbọ̀! Wo bí ilé wa ṣe rẹwà!”

Àgátà gbé àkàbà ti ògiri, ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó gùn ún.

“Bámigbóyè!” Kò pe orúkọ rẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn obìnrin fọwọ́ bo ẹnu. “Bámigbóyè, olè ni ọ́! Oúnjẹ ọwọ́ mi lò ń jẹ, o wá ṣí orí ilé mi bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀!”

Ó fa ìṣó yọ. Páànù àkọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ gbàràgàdà, àwọn ọlọ́tí fọ́nká. Àgbà kan ní, “Àgátà, bọ̀wọ̀ fún ọkọ rẹ.”

“Kóun náà bọ̀wọ̀ fún ilé mi!”

Kò sẹ́ni tó gbójúgbóyà láti di ẹsẹ̀ àkàbà náà mú. Nígbà tó yá, ojú ti káfíńtà tó bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀hún. Ó wá, ó bá a kó páànù padà, ó sì kàn án mọ́ ibi tó ti wà.

Ní ìrọ̀lẹ́, òjò ṣú. Bámigbóyè ti fi koríko orí ilé rẹ̀ àtijọ́ dáná, nítorí ó ti di onípáànù. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó rán ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, òun sì ká ẹní sábẹ́ abíyá, ó wá kanlẹ̀kùn Àgátà.

“Ṣílẹ̀kùn. Ọkọ rẹ ni.”

Àgátà ń tú òwú tó bà jẹ́ kúrò lórí òfì. Kò dìde. “Ilé ta lo wá?”

“Ilé wa.”

“Ilé ta?”

Òjò ń le sí i. “Ilé rẹ,” ó rọra sọ ọ́.

“Mi ò gbọ́. Òjò ń pariwo lórí páànù.”

Bámigbóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì. Theresa ti yọjú lójú fèrèsé, àwọn ará ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Omi ń ṣàn láti orí rẹ̀ wọnú agbádá. Ó la ẹnu, ó kígbe tí gbogbo àdúgbò gbọ́:

“Ilé Àgátà ni!”

Àgátà dìde, ó ṣílẹ̀kùn.

“Nu ẹsẹ̀ rẹ kó o tó wọlé.”