Ọkọ̀ Tó Kọjú Sílé

Òórùn igi arère tútù ni mo fi ń rántí àárọ̀ ọjọ́ náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú ní Òkè-Ṣọ́pẹ́n, lẹ́búlẹ́bú pákó ẹ̀yìn sọ́mìlì ti mu omi yó, òórùn rẹ̀ sì kún yàrá wa. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó láyé ìgbà náà mọ òórùn tí mò ń wí. Kò dùn, àmọ́ bí ẹ kò bá gbọ́ ọ, ebi ń bọ̀ nìyẹn.

Awakọ̀ agbégilódò ni bàbá wa. Inú igbó apá Ìwòpin ló ti ń kó gẹdú wá sí sọ́mìlì. Bó bá ti lọ, kò sí fóònù tí a lè fi béèrè ibi tó dé. Ohun tí a ní ni àwọn ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Táyọ̀, fọwọ́ ara rẹ̀ kàn.

Kì í ṣe ọkọ̀ agolo tí gbogbo ọmọdé ń fi okùn wọ́ kiri o. Bọ̀dá Táyọ̀ mú okùn, ó wọn ọkọ̀ bàbá láti imú dé ìdí, ó sì sọ ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan di ìbú ìka kan. Pákó arère ló fi ṣe ara rẹ̀, agolo mílíìkì ló fi ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì, sílípáàsì tó ti já ló gé ṣe táyà. Ó to ẹ̀ka igi sẹ́yìn rẹ̀ bíi gẹdú, ó sì fi wáyà dè é bí wọ́n ṣe ń fi ṣéènì dè é nínú igbó. Ó tún kan méjì mìíràn, ti àwọn ọ̀rẹ́ bàbá, ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ti bàbá ló tóbi jù. Ó kọ "ÀBỌ̀ LAYỌ̀" síwájú rẹ̀, bó ṣe wà lára ọkọ̀ ńlá gan-an.

Màmá, ọmọ ìjọ Aládùúrà, kò fi àwọn ọkọ̀ náà ṣeré. Orí pẹpẹ ẹnu ọ̀nà la máa ń tò wọ́n sí, ó sì ní òfin kan: "Bí bàbá yín bá wà lọ́nà, ẹ kọ ojú wọn sílé. Eré lẹ̀yin ń ṣe. Ọ̀nà ò mọ eré." A kò gbọdọ̀ fi wọ́n kọlu ara wọn. A kò gbọdọ̀ pariwo "gbàgà!" bíi tàwọn ọmọ àdúgbò Òjòwò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ òjò náà, bàbá ti lọ láti ìdájí ọjọ́ tó ṣáájú. Ewúrẹ́ aládùúgbò wa sá òjò gun orí pẹpẹ. Bó ṣe fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ gbá Àbọ̀ Layọ̀. Ojú mi ló ṣe. Ọkọ̀ náà yí, ó forí sọ inú gọ́tà, ẹsẹ̀ táyà rẹ̀ kan yọ, omi sì gbé ẹsẹ̀ náà lọ.

"Ta ló tì í?" Màmá ti dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ewúrẹ́ ni, Màmá."

"Ibo ló kọjú sí?"

Mo nawọ́ sí i. Títì ló kọjú sí.

Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tù mí.  Ó bọ́ bàtà, ó fi ìborùn bo orí, ó sì kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

Ọ̀sán ni bàbá sọ pé òun yóò dé. Ọ̀sán kọjá. Mo mọ bí jíà ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ń ké bó bá ń gun òkè wa. Gbogbo ọkọ̀ tó kọjá, mo ń tẹ́tí, kì í ṣe òun. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n jókòó, wọn kò béèrè nǹkan kan, wọn kò mu omi. Mo sá jáde lọ bá Bọ̀dá Táyọ̀.

"Bọ̀dá, ṣé ọkọ̀ wa tó ṣubú ni kò jẹ́ kí bàbá dé?"

"Panu mọ́! Igi lásán ni." Ṣùgbọ́n inú gọ́tà lòun fúnra rẹ̀ wà, ó ń fọwọ́ họ ẹrẹ̀, ó ń wá ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni jíà náà ké. Ẹrẹ̀ bo bàbá dé ìbàdí. "Odò ló kún," ó ní, ó sì jókòó ti oúnjẹ. Màmá wá sọ ti ewúrẹ́. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ wo ló yọ?"

"Tiwájú, lápá òsì."

Bàbá dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo. Ó mú sípánà, ó jáde lọ lóṣòó síbi táyà iwájú apá òsì ọkọ̀ rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó kó àwọn ọkọ̀ orí pẹpẹ lọ, a kò sì rí wọn mọ́. Kò sọ ohun tójú rẹ̀ rí lọ́nà. Èmi tí mo di akọ̀ròyìn, tí mo fi ìbéèrè ṣiṣẹ́ jẹ ní gbogbo ayé mi, mi ò bi í títí ó fi kú.

Lọ́dún yìí, nígbà tí a ń pààrọ̀ páànù ilé náà, àwọn káfíńtà rí àwọn ọkọ̀ náà nínú àjà, wọ́n wà nínú ṣẹ́ẹ̀tì kákí bàbá. Ikán ti jẹ wọ́n níbìkan, agolo ti dípẹtà. Bọ̀dá Táyọ̀, tó ti fẹ̀yìn tì, jókòó sábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ó ń fi sánpépà ha wọ́n, ó ń gé táyà tuntun. Bó ṣe kan Àbọ̀ Layọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Akọ̀ròyìn, wá wò ó. Èmi kọ́ ni mo ṣe èyí."

Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló pé. Rọ́bà túùbù ọkọ̀ gidi ni tiwájú apá òsì, wọ́n fi wáyà dè é, wọ́n tún un dè, wọ́n tún un dè, títí tó fi ki bí ọmọ odó. Ó ga ju ìyókù lọ, ó mú kí ọkọ̀ náà fì. Mo gbé e lọ bá Màmá nínú pálọ̀.

"Màmá, ta ló ṣe èyí?"

"Ta tún ni, bí kì í ṣe bàbá yín? Ẹ ti lọ sílé ìwé. Orí àpótí mi níbẹ̀ yẹn ló jókòó sí, ó ń dè é, ó ń tú u, ó tún ń dè é. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ fún yín. Ó ní bí awakọ̀ bá jẹ́ kọ́mọ mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun, ta ni yóò sùn nínú ilé yìí?"

Bọ̀dá Táyọ̀ gé ẹsẹ̀ tuntun tó bá ìyókù mu. Mo ní kó má yọ ti bàbá. Ó ju èyí tó gé náà sínú àpò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Bọ̀dá Táyọ̀ kun ọkọ̀ náà tán, ọmọ mi obìnrin gun ọ̀kadà lọ síbi ìdánwò rẹ̀ ní yunifásítì, ní Àgọ́-Ìwòyè. Ọ̀nà náà kò jìn. Mo pe fóònù rẹ̀, kò gbé e. Mo tún un pè. Ọmọdé tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn lọ́jọ́sí rò pé bí òun bá dàgbà, irú ẹ̀rù yẹn yóò tán. Mo gbé Àbọ̀ Layọ̀ sórí pẹpẹ, mo sì yí imú rẹ̀ sí pálọ̀.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?" Bọ̀dá Táyọ̀ béèrè.

"Mo kàn ń nù ún ni," mo ní.