Bí Bàbá Mi Ṣe Bá Ìjọba Yan Ọkọ̀ Ogun

Awakọ̀ ológun ni bàbá mi. Ọwọ́-ò-Gbọ̀n ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ ni kì í sinmi. Bí o bá bi í léèrè ibi tí iyọ̀ wà, yóò kọ́kọ́ sọ fún ọ bí wọ́n ṣe kọ́ ilé ìdáná. Ọlọ́run nìkan ló mọ ìdí tí iléeṣẹ́ ológun fi mú irú ẹni bẹ́ẹ̀, tí wọ́n fi í sí iṣẹ́ tí kò gbà ju gbólóhùn kan lọ.

Iṣẹ́ náà nìyí. Bí ìjọba bá fẹ́ ra ọkọ̀ ogun lọ́wọ́ ìlú òkèèrè, àwọn tó fẹ́ tà á máa ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan wá sí pápá tó wà lẹ́yìn bárékè. Bàbá mi àti awakọ̀ méjì mìíràn á wà á gun òkè, wọ́n á wà á gba inú àbàtà, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á kí bí ológun. Ọ̀gágun tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tó ń yan ọkọ̀ á wá bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ṣé wàá gbé e lọ ojú ogun?" Ìdáhùn kò ju "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá" tàbí "Rárá, ọ̀gá" lọ. Àlàyé kò sí. Gbogbo àlàyé tí bàbá mi ò rí ṣe níbẹ̀, ilé ló ń kó o bọ̀, àwa la sì ń jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ.

Lọ́tẹ̀ yìí, ìlú méjì ló ń du ọjà náà. Ọ̀kan jẹ́ ìlú olótùútù tí omi ti ń dì lójú títì, èkejì jẹ́ ìlú oníyanrìn. Àwọn olótùútù ní bí a bá ra tàwọn, àwọn á gbé awakọ̀ mélòó kan wá sọ́dọ̀ àwọn fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́: bàálù, ilé, oúnjẹ, gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn oníyanrìn ní kí ẹnikẹ́ni má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, àwọn olùkọ́ àwọn ló máa wá bá wa nílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ìyẹn já sí fún bàbá mi. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ló ti ń gbé àwọn ọ̀gá lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Ó mọ ẹni tó ń ta omi níbẹ̀, ó mọ ìró bàálù kọ̀ọ̀kan. Kò wọ ọ̀kan rí. Ọdún tó ń bọ̀ ni yóò fẹ̀yìn tì. Bí èyí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó parí nìyẹn.

Ni ilé wa bá di ìlú olótùútù. Ó ra ẹ̀wù òtútù àlòkù kan tó fẹ́ẹ̀ wúwo tó òun fúnra rẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rere, mo ràn án lọ́wọ́. Mo fi í jókòó lórí àga, mo fi gèlè màmá mi dè é níkùn, mo tan fáànù sí i lójú, mo wá ń fi imú sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń kéde: "Ẹ̀yin èrò wa ọ̀wọ́n, a ti wà lókè. Ẹni tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n, kó mú un mọ́ra."

"Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ ò pé," ni bàbá mi wí. Ṣùgbọ́n kò tú gèlè náà.

"Bàbá ẹ lo jọ," ni màmá mi fèsì láti ilé ìdáná. "Ẹ má fa gèlè mi ya o! Bàálù yín ò tíì gbéra."

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ọkọ̀ àwọn oníyanrìn ló kọ́kọ́ wọ àbàtà, ó sì yọ́ jáde bí ẹja. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Bàbá mi ní bóun ṣe sọ ọ́ tán, ṣe ló dà bíi pé òun fọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn bàálù.

Ó wá kan ti àwọn olótùútù. Arẹwà ọkọ̀ ni. Ìjókòó rẹ̀ ń gbóná fúnra rẹ̀, bí ẹni pé oòrùn tiwa ò tó. Ó wọ àbàtà, ó sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Ó rì dé ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ mìíràn ló fà á jáde, ẹni tó ń tà á sì dúró sétí ibẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ṣètò rẹ̀.

Àwọn awakọ̀ méjì yòókù náà fẹ́ wọ bàálù. Ẹrẹ̀ ń kán lára wọn, wọ́n ní "Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá." Ọ̀gágun yíjú sí bàbá mi.

"Mo dákẹ́," ló sọ fún wa nígbà tó délé.

"Ẹ̀yin? Ẹ dákẹ́?" ni mo bi í.

"Má da ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo rí bàálù. Mo tún rí àwọn ọmọ ológun tó máa jókòó sínú nǹkan yẹn, tí ìbọn á máa dún lọ́tùn-ún lósì. Ọmọ bíi tìẹ. Mo ní, 'Rárá, ọ̀gá.'"

Màmá mi ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Ó bu ẹran kún oúnjẹ bàbá mi. Èmi gan-an fi ẹran tèmi kún un.

Nígbà tó yá, rédíò kéde pé ìjọba ti ra ọkọ̀, ọwọ́ àwọn olótùútù ni. Bàbá mi pa rédíò, ó tún un tàn, bóyá á yí ọ̀rọ̀ padà. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀, ó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ ba ìrìn-àjò jẹ́. Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe ń gbé Ọ̀gágun lọ sílé, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Ọkọ̀ yẹn rì."

"Mo rí i. Ṣé mo fọ́jú ni?"

"Kí la wá fẹ́ fi ṣe, ọ̀gá?"

Ọ̀gágun ṣàlàyé pé ìlú oníyanrìn jẹ́ ọ̀rẹ́ fún ìlú tó múlé gbè wá, tí à ń bá fa ààlà. Ọjọ́ tí ìjà bá dé, wọn ò ní ta ìṣó kan fún wa mọ́, ọkọ̀ tó dára náà á di ilé adìyẹ. Àwọn olótùútù ló ń yá wa lówó, àwọn ló ń gbè wá lẹ́yìn níbi tí àwọn ìlú ńlá ti ń pàdé. "Ọkọ̀ kọ́ là ń rà, Ọwọ́-ò-Gbọ̀n. Àna là ń yàn. Ta ló ń wo ẹsẹ̀ àna kó tó dọ̀bálẹ̀ fún un?"

"Kí lẹ wá ń bi wá sí, ọ̀gá?"

"Kí aráàlú lè gbọ́ pé a bi yín ni." Ọ̀gágun bú sẹ́rìn-ín. "Múra. Ìwọ lò ń lọ sílé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn tó sọ pé ọkọ̀ náà dára, kí ni wọ́n tún fẹ́ lọ kọ́?"

Báyìí ni bàbá mi ṣe wọ bàálù. Nígbà tó pè wá láti ọ̀hún, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, inú rẹ̀ sì ń dùn bí ọmọ tuntun.

"Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún wa," ló wí, "ni bí a ṣe ń fa ọkọ̀ náà yọ nínú ẹrẹ̀. Olùkọ́ tirẹ̀ wà lọ́tọ̀!"

"Wọ́n mọ̀ pé ó ń rì?" ni mo bi í.

"Kí n tó mọ̀ ni wọ́n ti mọ̀."

Màmá mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. "Kí ló dé tí wọn ò kúkú ṣe é kó má rì?"

"Mo bi wọ́n," ni bàbá mi wí. "Wọ́n ní táyà tí kì í rì wà. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ìyẹn."