Páìpù Tí Mo Fi Ń Wọ Bàtà

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ wẹ́dà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó fi bàtà sí mi lẹ́sẹ̀. Gbangba ni o. Ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níṣojú àwọn awakọ̀ tírélà, àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní èbúté Tin Can, àti àwọn tó ń ru ẹrù níbẹ̀. Ẹni tó ti ń jẹ́ bàbá kí èmi tó mọ bí wọ́n ṣe ń mú irin dání. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, etí mi ṣì ń gbóná.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀ kó lè yé yín.

Mo jábọ́ lórí tírélà. Yáàdì kan ní Creek Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tá a ti ń jó ara tírélà tó bá sán tàbí tó bá já. Òjò ti rọ̀ sórí irin láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti ń gun irin tó tutù láti kékeré, mi ò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ mi yọ̀, ìbàdí ni mo fi gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tán, dókítà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, obìnrin kan tí kò tó àbígbẹ̀yìn mi lọ́jọ́ orí.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ o. Tí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀."

Mo ní mo gbọ́.

Ó ní, "Ẹ ò sì gbọdọ̀ wọ sílípáàsì. Ó máa ń gbé èèyàn ṣubú. Bàtà tó bo gìgísẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wọ̀."

Mo tún ní mo gbọ́. Nínú àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó béèrè bí ẹni tí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ yóò ṣe máa wọ bàtà tó bo gìgísẹ̀.

Nílé wa l'Ájégúnlẹ̀, ìyàwó mi ló ń wọ̀ ọ́ fún mi. Á kúnlẹ̀ síwájú mi, á ki ìka bọ ẹ̀yìn bàtà, á ní, "Ẹ tì í! Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Àbí ẹyin ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ni?" Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kì í kọjá eyín. Ìyàwó mi ti ń kúnlẹ̀ kí mi láti ọjọ́ tá a ti fẹ́ra, mi ò sì rí i bí nǹkan kan. Ìkúnlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ìkíni. Ilé tá à ń gbé, ìlẹ̀kùn kọjú sí ìlẹ̀kùn ni, ẹni tó bá ń lọ pọn omi á rí wa. Obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ọmọ Warri, á kàn pariwo pé, "Papa! You don turn small pikin o!"

Àwàdà ni. Mo mọ̀ pé àwàdà ni. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń ti ìlẹ̀kùn kí n tó wọ bàtà.

Ọjọ́ Jímọ̀ tí mo kọ́kọ́ padà sí mọ́ṣáláṣí, gbogbo nǹkan ni mo rò tẹ́lẹ̀. Mo ro bí mo ṣe máa jókòó sí iwájú nínú kẹ̀kẹ́ márúwá kí n lè na ẹsẹ̀. Mo ti ránṣẹ́ kí wọ́n bá mi gbé àga oníke sí ìlà ẹ̀yìn, kí n lè jókòó kírun. Nígbà tí mo débẹ̀, mo fi orí ẹsẹ̀ kan tẹ ẹ̀yìn bàtà èkejì, bàtà bọ́, mo wọlé. Inú mi dùn. Ìgbà tí ìrun parí tí mo jáde ni mo rí bàtà mi nílẹ̀ tí òun náà ń wò mí.

Mo fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Mo fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá ẹnu bàtà, bàtà sún síwájú. Mo tún wá a, ó tún sún. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ sílípáàsì wọn bí ẹni ń mí, wọ́n ń sọ pé, "Bàbá, ó tó'jọ́ mẹ́ta! Ara ti le?" Mo ní ara ti le. Kí wọ́n má baà mọ ohun tí mo dúró ṣe, mo yọ fóònù, mo gbé e sétí, mo ń sọ pé, "Ẹn-ẹ́n, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀." Kò sẹ́nì kankan lórí fóònù náà. Mo fẹ́ kí gbogbo wọn lọ tán ni.

Ọ̀gá mi ló jáde gbẹ̀yìn. Ó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tipẹ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń gbé ní Marine Beach, ọ̀pá ló sì fi ń rìn. Ó wò mí lójú, ó wo ẹsẹ̀ mi.

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ará ilé ni, sà."

"Kí ni ará ilé wí?"

Mo ki fóònù bọ àpò. Ó gbé ọ̀pá ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Háà, ọ̀gá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi!"

"Gbé ẹsẹ̀ ẹ."

"Ọ̀gá, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín."

"Mo ní kó o gbé ẹsẹ̀ ẹ! Àbí o fẹ́ kí n pẹ́ níbi tí mo wà yìí ni?"

Ohùn tó fi máa ń jágbe mọ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ni. Mo gbé ẹsẹ̀. Àwọn awakọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń ru ẹrù tí wọ́n ṣì wà lójú ọ̀nà rí wa, wọ́n sáré padà, wọ́n ń ké pé, "Bàbá! Bàbá, ẹ fi sílẹ̀!" Ọ̀gá kàn ń fi ọwọ́ lé wọn. "Ẹ yàgò. Ọmọ iṣẹ́ mi ni." Níbi tó ti ń ti gìgísẹ̀ mi bọ bàtà, fìlà rẹ̀ jábọ́, mo sì rí àárín orí rẹ̀, ibi tí irun ti tán. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọkùnrin yìí, mi ò rí àárín orí rẹ̀ rí. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń wà tí mo bá ń kí i. Èmi ló yẹ kí n he fìlà náà, mi ò lè he é. Ó yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti dúpẹ́, mi ò lè tẹ̀. Mo dúró ṣánṣán bí òpó iná, ẹlòmíì ló he fìlà ọ̀gá mi fún un, àwọn méjì ló sì fà á dìde.

Mi ò lọ sí mọ́ṣáláṣí fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ìyàwó mi á ní, "Jímọ̀ lòní o." Mo máa ní ara ń ro mí. Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn mi: ọ̀gá mi kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí mi mọ́ láyé. Bí mo bá fẹ́ padà síbẹ̀, àfi kí n wá nǹkan tí màá fi wọ bàtà fúnra mi lórí ìdúró.

Wẹ́dà ni mí, irin ni mo kọ́kọ́ rò. Mo gé irin pẹlẹbẹ, mo lù ú títí ó fi tẹ̀ bí ikùn ṣíbí, mo jó irin gígùn mọ́ ọn. Ìyàwó mi bi mí bóyá mo fẹ́ máa gbẹ́ ilẹ̀ ni. Irin náà wúwo, ó ya ẹ̀yìn bàtà mi, ó sì bó mi lára ní gìgísẹ̀. Nígbà tó rí ẹ̀jẹ̀ lára ìbọ̀sẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Ẹ̀yin àti ta lẹ jọ ń jà gan-an?"

Mo wá rántí páìpù. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sínú ọgbà wa, páìpù funfun kan ṣẹ́kù tó wà lẹ́yìn ilé. Mo gé e, mo la ẹnu rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n bá la ọparun. Ìyàwó mi ń yan ẹja tà, iná èédú rẹ̀ kì í kú, orí rẹ̀ ni mo ti ń yá ẹnu páìpù náà títí yóò fi rọ̀ bí awọ tútù. Màá wá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí ọmọ odó tí mo fi àkísà tútù wé, kó lè gba ìrísí gìgísẹ̀.

"Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n ní ẹja mi ń rùn bíi táyà ni?"

"Fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, Ìyá wọn."

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ ti ń gbà láti àárọ̀ ńkọ́? Ẹ sún kúrò, ẹja mi ń jó!"

Mo fi sanpépà ra etí rẹ̀. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kì í bọ ẹ̀yìn bàtà, mo ti ẹsẹ̀. Fìì! Ó wọlé. Mo bọ́ ọ, mo tún wọ̀ ọ́. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ ó ń wò mí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ó ní, "Wọ́n ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn." Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló mú un nu ojú, mi ò sì bi í.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi páìpù sábẹ́ jàlàbíà, mo lọ. Nígbà tá a kírun tán, mo mọ̀ọ́mọ̀ jáde láàárín èrò. Mo fẹ́ kí wọ́n rí mi. Mo fẹ́ kí ọ̀gá mi rí mi. Mo yọ páìpù, mo nà án sí ẹ̀yìn bàtà, kò kàn án.

Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti wọ̀n ọ́n. Èmi tó jẹ́ pé irin tí mo bá gé kì í gùn jù, kì í kúrú jù, mo wọn nǹkan tí màá lò lórí ìdúró lórí ìjókòó. Mo nà sí i díẹ̀, ìbàdí mi ké, ọwọ́ mi tú, páìpù bọ́. Ó yí gbirigbiri lọ láàárín bàtà gbogbo èèyàn, ó lọ dúró lẹ́sẹ̀ ọ̀gá mi.

Awakọ̀ tírélà kan ní, "Bàbá, ṣé omi lẹ fẹ́ fà wọ mọ́ṣáláṣí ni? Olúwa á san án fún yín o!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ẹnì kan he páìpù, ó gbé e fún ọ̀gá. Ọ̀gá fi àtàǹpàkò tọ etí rẹ̀ bó ṣe máa ń tọ ojú irin tí mo bá jó.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni, sà."

"Níbo lo ti wọ̀n ọ́n?"

"Lórí bẹ́ẹ̀dì, sà."

"Ṣé bẹ́ẹ̀dì lo wọ̀ wá sí Jímọ̀?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ó wá gbé ọ̀pá ti ògiri. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ sórí eékún, mo mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Mi ò dúró. Ìbọ̀sẹ̀ ni mo wọ̀ jáde, mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo já sójú títì. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Ìwọ! Ìwọ ọmọ yìí!" Mo fi bàtà àti páìpù sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́. Mo sá kí n má baà tún rí i tó ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wá fi ìsáré náà rí i fín. Àgbà pè mí, mi ò dá a lóhùn. Ìyàwó mi rí ìbọ̀sẹ̀ tó dúdú fún òróró tírélà, ó wò mí, ó lọ gbé omi ìfọsẹ̀ wá.

Mo ṣe páìpù mìíràn. Ìdúró ni mo wà nígbà tí mo wọ̀n ọ́n. Mo lu ihò sí òkè rẹ̀, mo fi okùn sí i tí màá fi kọ́ ọrùn ọwọ́, kó má baà bọ́. Mo wọ bàtà àtijọ́ tí irin ya lẹ́yìn, mo lọ sí Marine Beach.

Ọ̀gá jókòó síta, ó kọjú sí omi. Bàtà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, wọ́n ti kùn ún, ó ń dán.

"Ọ̀gá, mo wá bẹ̀bẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú. Mi ò lè dọ̀bálẹ̀."

"Mo rí i pé o ò lè dọ̀bálẹ̀. Ṣé ẹnu náà kò lè jẹ́ 'sà' ni, nígbà tí mo pè ọ́?"

"Ẹ dárí jì mí, sà."

Ó tún kọjú sí omi. Ìgbà náà ni mo rí páìpù kúkúrú yẹn lórí itan rẹ̀. Ó rí ibi tí ojú mi wà. "Òun ni mò ń lò. Láti Jímọ̀ tí mo wọ bàtà fún ọ yẹn, ẹ̀yìn mi kò tíì nà tán. Ọmọ mi obìnrin ló ń wọ bàtà fún mi kí n tó rí èyí. Ṣùgbọ́n ó kúrú. Àfi kí n jókòó."

Mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Mo wo omi, mo wo ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Nígbà tó yá, mo ní, "Ẹ dìde díẹ̀, sà." Ó dìde, ó di ọ̀pá mú. Mo dúró tì í, mo na páìpù gígùn sí ẹ̀yìn bàtà rẹ̀, mo ní, "Ẹ tì í, sà." Ó tì í. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé. Èmi dúró, òun náà dúró. Mo wọ bàtà fún ọ̀gá mi láìtẹ̀, láìkúnlẹ̀, bí ẹni ń fi igi ká èso.

Ó gba páìpù náà, ó tọ etí rẹ̀. "Ó ṣì mú. Lọ fi sanpépà ra á sí i."

Páìpù gígùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, mo sì ṣe òmíràn fún ara mi. Tá a bá kírun tán, a máa ń jáde pọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ ti bàtà fún un, kí n tó wọ tèmi. Àwọn èèyàn ti yé rẹ́rìn-ín, àwọn kan tiẹ̀ ti ní kí n bá àwọn bàbá wọn ṣe é. Wọ́n ní mo ní ọgbọ́n. Ọ̀gá mi kò bẹ̀rẹ̀ nítorí mi mọ́, bí mo ṣe fẹ́. Kì í ṣe páìpù mi ló fà á. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó bà jẹ́ nítorí mi ló kọ̀. Tí mo bá dúró tì í lẹ́nu ọ̀nà yẹn, tí mo na páìpù sílẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo máa ń wò.